Géèjì Tó Dúró Sí Àárín

Àìnísùúrù ni àìsàn tó ń ṣe ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ìtìjú sì ni ìkejì rẹ̀. Rewáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé Kíámọ́sá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ o. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí kò lè ṣe ni kó jókòó ti iṣẹ́ kan títí tí yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè la ẹnu sọ fún oníbàárà pé òun kò tíì rí ibi tó bàjẹ́. Gbólóhùn yẹn wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, òun ló sì fi Kíámọ́sá sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ náà ti lé ní ogójì ọdún. Ọkọ màmá tó ti kú ló fi í sílẹ̀ fún un, ó sì ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Lọ́jọ́ náà, gbogbo géèjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú: ti epo, ti ọ́ìlì, àti èyí tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn.

“Ọkọ mi, ti epo kọ́ ló ń dùn mí,” màmá ní. “Èyí tó ń sọ ooru ni mo fẹ́. Rédíétọ̀ yìí ń jò díẹ̀díẹ̀. Géèjì yẹn ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa dúró bu omi sí i.”

“Mọ́mì, ẹ lọ jókòó. Wàrà-ǹ-ṣeṣà ni.”

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé bí géèjì mẹ́ta bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n wá ohun kan tó so wọ́n pọ̀. Kíámọ́sá rántí. Ó yẹ fíúsì wò, kò jó. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bá wáyà tó so gbogbo wọn mọ́ ara ọkọ̀, ó ti dípẹtà. Ó ha á, ó so ó padà, ó ṣí kọ́kọ́rọ́. Géèjì epo jí, ti ọ́ìlì náà jí. Ti ooru kò mira. Iṣẹ́ gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kù: kó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, kó tọ wáyà náà délẹ̀, kó tú nǹkan tó ń gbọ́ ooru lára ẹ́ńjìnnì wò bóyá òun ló kú. Ó lè gbà á tó ìdajì ọjọ́. Oníbàárà méjì sì ti ń fun fèrè níta.

Ohun tó ṣe nìyí. Ó gé wáyà géèjì ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó so nǹkan kékeré kan tó ń dín agbára iná kù mọ́ ọn, ó wá so ó mọ́ ara ọkọ̀. Láti ìgbà náà, tí èèyàn bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ géèjì á rọra gòkè, á dúró sí àárín, kò sì ní kúrò níbẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń jóná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á ṣe é dáadáa.

Màmá rí i, ó pàtẹ́wọ́. “Ó mà ti jí! Ire tìẹ náà á jí, ọmọ mi.”

Kíámọ́sá ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù méjì. Omi tí màmá ń bu sí ọkọ̀ láràárọ̀ ni kò jẹ́ kí àṣírí tú.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kíámọ́sá ti wà ní ọsibítù ìlú kejì láti ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ló pè, ó ní ara ìyá kò yá rárá, ìyá sì ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ. Kíámọ́sá kó sínú ọkọ̀ tòun ti gíríìsì lọ́wọ́.

Òòrùn mú gan-an. Bí màmá ṣe ń wa ọkọ̀ gun òkè kan, Kíámọ́sá gbóòórùn irin tó gbóná.

“Mọ́mì, ṣé ẹ bu omi sí i lónìí?”

“Níbo? Ṣé mo ráyè ni? Ṣùgbọ́n wo géèjì, àárín ló wà. Ìwọ lo ṣe é, ọkàn mi balẹ̀.”

Ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n bu omi ike kan sí i, kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣírò pé ọ̀nà kò ju máìlì mẹ́fà lọ mọ́, bóyá ọkọ̀ á gbé wọn dé. Ojú ń tì í láti sọ fún obìnrin tó fọkàn tán an pé irọ́ lòun fi sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Wọn kò rìn tó máìlì méjì tí èéfín funfun fi bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì pariwo, ó sì dákẹ́. Mẹ́káníìkì kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo wáyà títí. Irọ́ ti rìn fún oṣù méjì, òtítọ́ bá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

“Màmá, ẹ́ńjìnnì ti lọ o. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí fún yín? Wọ́n ti gé géèjì kúrò lára ẹ́ńjìnnì.”

Màmá yíjú sí Kíámọ́sá. “O mọ̀?”

“Mo mọ̀, Mọ́mì.”

“Nígbà tí mo sọ pé ọkàn mi balẹ̀, o mọ̀?”

Ẹkún ló gbọ̀n ọ́n.

Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti faṣọ bo ojú ìyá náà. Nọ́ọ̀sì ní, “Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti dún ló ń bèèrè pé, ‘Ṣé ọmọ mi nìyẹn?’” Kíámọ́sá wólẹ̀ ti ibùsùn, ó ń pe ìyá rẹ̀, ìyá kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá fẹ́ bá a sọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pésẹ̀, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá kò bú u, kò sì ṣépè. Àmọ́ tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá” ló fi ń kí i, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ tí Kíámọ́sá kọ́kọ́ gbọ́ “ẹ” yẹn lẹ́nu màmá tó fi í sẹ́nu iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe iṣẹ́ ojú lásán, nítorí ẹni tó gbé ẹ̀mí lé iṣẹ́ yín lọ́wọ́ kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá le, ẹ sọ pé ó le. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ń sọ di òpè. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì kéré, kí ojú má baà tì yín dọ́jọ́ tí omijé kò ní lè tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dúró dè, kó má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá òun dúró lọ́nà.