Irun Inú Ọbẹ̀ Haríra

"Irun ta ni èyí?"

Bàbá fi ṣíbí gbé e sókè: fọ́nrán irun dúdú kan ṣoṣo, ó gùn ju ṣíbí náà lọ.

Gbogbo wa na ọrùn wò ó.

Ìṣínu àkọ́kọ́ tí Touria, ìyàwó mi, máa sè nílé wa ní ìlú Fez nìyí. Bí ẹ̀bi bá já lé e lórí, ọ̀bùn ni wọn yóò máa pè é títí ayé.

Màmá tú ìborí. "Ẹ wò ó! Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, irun kan ò já lórí mi rí."

Najat, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fọ́nnu ju ìyẹn lọ. "Tèmi ńkọ́? Ẹ so ó mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó máa fà á, kò ní já!"

Touria dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irun bí ọgọ́rùn-ún lè já lórí èèyàn lóòjọ́, kì í ṣe àrùn. Ìgbà tí awọ orí bá ń hàn ni kéèyàn tó bẹ̀rù."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Najat pàtẹ́wọ́. "Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ìkòkò!"

Bàbá mirí tìkà-tẹ̀gbin. "Ìyàwó, nílé yìí, irun ẹnikẹ́ni kì í já."

Ló bá tẹrí ba sórí àwo rẹ̀.

Touria wo orí náà. Èmi náà wò ó. Màmá wò ó, ó yára fi ìborí dí ẹnu.

Irun kan ṣoṣo tí Bàbá máa ń fi òróró tẹ́ láti etí ọ̀tún dé etí òsì láràárọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.