Ojú Tí Mo Yá Màmá Mi

Láràárọ̀, kí Màmá mi tó jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ wọn, ẹ̀rọ ara ògiri gbọ́dọ̀ wo ẹyinjú wọn. Tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lójú alátọ̀gbẹ bíi tiwọn, òfin ní kó ti maṣíìnì náà pa, kó sì kọ̀wé sí dókítà.

“Fadérera, wá gbójú tìẹ sí i jàre,” ni Màmá máa ń wí. “Ẹ̀rọ kan ò ní fi òfófó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi!”

Èmi òmùgọ̀ sì gbójú sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, fún ọdún mẹ́ta.

Lónìí, Màmá táràrà dé ìdí ògiri. “Èmi gan-an rèé! Mi ò ríran mọ́. Ẹ̀rọ burúkú, kọ̀wé sí dókítà!”

“Ẹ má bínú,” ni ẹ̀rọ wí, “n ò mọ̀ yín.”

Màmá tì mí síwájú. “Ọmọ mi rèé, bi í!”

Ẹ̀rọ tàn yanran sí mi lójú. “Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Fadérera. Ojú yín mọ́ kedere. Ẹ máa ránṣọ yín lọ.”