Agolo Orí Tábìlì Dókítà

Ẹ wá wo ọ̀gá mi tó ń búra níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ojú ò tì í.

"A ò gbowó ìpolówó o! Agolo tíì yẹn ṣèèṣì wà lórí tábìlì dókítà inú eré wa ni. Ẹ bi ọmọ mi yìí, òun ló ń ya fọ́tò tábìlì ká tó ṣeré."

Mo tẹ́ fọ́tò ogójì síwájú wọn.

Nínú gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá ló ń yí ojú agolo sí kámẹ́rà.

"Ìwọ tí mo fi ṣọmọ! Kí ni mo ṣe ẹ́?"

"Bàbá mi gba dókítà yín gbọ́, sà, pé tíì ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ó da oògùn ẹ̀ nù.

"Ọ̀sẹ̀ tí mo sin ín ni mo wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."