Ṣẹ́ẹ̀dì Aláràbarà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fara mọ́ra, ẹ gbọ́ ti Ìyá Ìjọ kan ní Bẹ́kọ́ńtírì, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun.

"Tiwaladé, ọgbà Olúwa lo fi aṣọ alágbe bò yìí?"

Ó ń yọ ṣùtì sí ṣẹ́ẹ̀dì, abà ìdáná ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Tiwaladé, ọmọ ìjọ, kùn bí aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, pupa, yẹ́lò, búlúù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa á rẹ́. Mo ṣe wàhálà lórí ẹ̀."

"Wàhálà ẹlẹ́gbin! Bàbá Alábòójútó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kó wá bá ìdọ̀tí yìí?"

Kó tó pa ẹnu dé, Bàbá ti wọ ọgbà. Ó rí ṣẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ tẹ̀lé e.

"Ilé Ọlọ́run mà rèé! Ta ló kùn ún?"

Ìyá Ìjọ wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Tiwaladé pòṣé, ó ṣílẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Ìkòkò ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ló kún inú ibẹ̀.

Bàbá dìde. "Ilé oúnjẹ lẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ wá fi ti Olúwa sílẹ̀ ní funfun lásán? Ìyá Ìjọ, ẹ kun ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ lónìí!"

Gbogbo ìjọ jẹ, wọ́n yó, wọ́n kọrin lọ sílé. Ìyá Ìjọ ṣì wà lórí àkàbà.