Ilẹ̀kùn Tí Kì Í Ṣí fún Yálín

"Ìdí mi gbọ́n ju ẹnu mi lọ!" Bí Màmá Súfẹ́n ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ìlú Chengdu ní Ṣáínà, tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, bi í bóyá àṣà àtijọ́ ló fẹ́ tàbí àyípadà, inú ń bí i sí Yálín, ọmọ rẹ̀ tó lóun ò ní fẹ́ ọkọ. Ló bá pariwo pé, "Àtijọ́!" Látìgbà náà, torí àṣà àtijọ́ kò gba ọmọ tó kọ̀ láti fẹ́ ọkọ, ilẹ̀kùn kì í ṣí bí Yálín bá dé.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá kì í bẹ ọmọ. Èso ló ń gé fún un. Màmá Súfẹ́n gé ọsàn sínú àwo, ó fìdí lélẹ̀ ti ilẹ̀kùn nínú ilé. Yálín jókòó níta.

"Mo ti gé ọsàn o."

"Màámi, ẹ bá mi jẹ tèmi, kí n máa gbọ́ ìró ẹnu yín."