Ta Ló Máa Dúró Lórí Afárá?

Géèmù yìí tóbi débi pé igbó àti odò rẹ̀ gba gbogbo orí tábìlì ìjẹun wa.

A kì í bára wa díje níbẹ̀. Ká jọ borí ni, àbí ká jọ kú.

Ní báyìí, drágónì ń lé wa bọ̀ lórí afárá. Bí ẹnì kan bá dúró dè é, àwọn yòókù á ráyè sọdá.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan jagunjagun rẹ̀.

"Àbí ẹ̀rù drágónì oníke ń bà yín ni?" Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi ló ń rẹ́rìn-ín. Òní ló kọ́kọ́ bá wa ṣeré.

"A máa ń jọ kú ni," àbúrò mi dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó tì o!" Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé jagunjagun tirẹ̀ síwájú drágónì. "Ẹ máa sáré lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Màmá wa gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé e kúrò níbẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká jọ kú."

Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ irú ọ̀rọ̀ tó sọ yìí.

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín" gan-an ni bàbá wa sọ lórí àtẹ̀gùn, lọ́jọ́ tí ilé wa ń jó.

A sì gbà á gbọ́.