Asẹ́ Gbígbẹ

Má-Dà-Á-Rú ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ìṣeré ẹlẹ́rọ ṣe, torí kò gbà kí ẹnikẹ́ni da èdè pọ̀ mọ́ èdè lójú òun. Ẹni tó bá pe fíltà níwájú rẹ̀ yóò pè é ní asẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ọ́ìlì pàápàá, èyí tó nípọn tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, epo ló ń pè é.

Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò kan wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò béèrè ìdílé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ ìṣeré kan tí kò ju bàtà lọ fún un, pẹ̀lú ìgò ohun tí ọkọ̀ náà ń mu.

"Tọ́jú ẹ̀ fóṣù kan. Máa fi epo rin asẹ́ ẹ̀ láràárọ̀, kí iyanrìn má bàa wọlé. Tó bá bà jẹ́, o ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Oṣù pé. Ọkọ̀ padà wá, kò dún mọ́.

Má-Dà-Á-Rú tú ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ó sì yímú. Iyanrìn ti di ẹrẹ̀ dúdú nínú rẹ̀, ó ń rùn. Iyanrìn náà ti ha gbogbo ara irin inú rẹ̀. Ó fi ìka méjì fa asẹ́ náà jáde bí ẹni fa òkú eku. Ó gbẹ táútáú.

"Ọ̀bùn! Ṣé o fepo rin èyí?"

"Mo fi rin ín, Bàbá. Láràárọ̀, bí ẹ ṣe wí gan-an."

"Epo ọ̀hún dà? O dọ̀tí tán, o tún ń purọ́!"

"Bàbá, ìṣojú mi ló ti ń ṣe é," ni ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìfẹ́ ló wà lójú ẹ. Mi ò lè fọmọ mi fún ọ̀bùn."

Olùkọ́ náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ọmọbìnrin náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Má-Dà-Á-Rú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀rọ, ó ń tutọ́, ó ń ṣépè. Ohun tó ṣẹ́kù nínú táǹkì ọkọ̀ dà sí i lọ́wọ́. Kó tó rí àkísà, ó ti gbẹ. Nígbà tó to ẹ̀rọ náà padà tán, ó mú asẹ́ tuntun.

"Bá mi gbé epo tí mo fẹ́ fi rin asẹ́ yìí wá," ló ké sí ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó lọ sídìí àpótí, ó sì gbé ìgò tí olùkọ́ náà dá padà wá, ìgò ohun tí ọkọ̀ ń mu, tí Má-Dà-Á-Rú ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ EPO sí lára, gàdàgbà.